Māchina: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Lọ́wọ́ Àwọn Ará Róòmù

Sílébù mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ Látìnì náà ní: mā-chi-na. Fáwẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ gùn, òun ni ìlà orí rẹ̀ ń tọ́ka sí. Méjì yòókù kúrú. Ẹ̀rọ ló túmọ̀ sí, pàápàá ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù tó ju agbára ọwọ́ lọ. Ó tún túmọ̀ sí ète, ọgbọ́n tí ènìyàn ta láti fi borí ẹni tó lágbára jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni Róòmù ti yá a, ó sì ti pẹ́ débi pé kò sí ará Róòmù kan tó kọ ọjọ́ tó wọlé sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ pa àkọsílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó, ìró kan lẹ́yìn òmíràn, yóò mọ irú ẹnu tí wọ́n ti gbọ́ ọ, yóò sì mọ sáà tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ā bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé àwọn ará Áténì, irú èyí tí Plato tàbí Aristotle kọ, mēkhanē ni yóò bá níbẹ̀, pẹ̀lú ē gígùn níwájú àti ē gígùn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, mēkhos, ni ìyá rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni mēkhos, ohun tí ọgbọ́n wá rí nígbà tí agbára kò ká a mọ́. Homer, akéwì àwọn Gíríìkì, a máa pe akọni rẹ̀ Odysseus ní polymēkhanos, ẹni tí ọgbọ́n kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ni mēkhanē, nígbà náà, kí ó tó di igi àti okùn.

Bó bá ṣe ẹnu ará Áténì ni Róòmù ti gbọ́ ọ ni, mē ni à bá rí. Mā ni a rí. Èdè Gíríìkì kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo, bí ohùn Ìjẹ̀bú kì í ti í ṣe ohùn Èkìtì. Ẹ̀ka-èdè kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dórìkì, èyí tí àwọn ará Sparta àti Kọ́ríńtì ń sọ. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ́ kí ā àtijọ́ yí di ē. Mākhanā ni wọ́n ń wí. Àwọn náà ló sì kọjá òkun wá tẹ ìlú dó sí Sísílì àti gúúsù Ítálì: gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, àwọn ará Kọ́ríńtì dá Syracuse sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 733 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Sparta sì dá Taras sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 706, ìlú tí Róòmù wá ń pè ní Tarentum.

Ohun tí ā yìí sọ kò kéré. Cumae, nítòsí Naples, wà lára àwọn ìlú Gíríìkì tó sún mọ́ Róòmù jù lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Euboea ló tẹ̀ ẹ́ dó, ē ni àwọn yẹn ń lò bíi ti Áténì. Irú álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn ló gba ọwọ́ àwọn Etruscan dé Róòmù, tó sì di lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá pàápàá lónìí. Ọ̀rọ̀ tí à ń wò yìí kò bá lẹ́tà wọ̀nyẹn rìn. Ẹnu Dórìkì ni wọ́n ti já a gbà. Òun nìkan kọ́ ló rin ìrìn náà. Èso ápù ń jẹ́ mālum ní Látìnì nítorí pé àwọn Dórìkì ń pè é ní mālon. Mēlon ni ti Áténì. Nígbà tó pẹ́, Róòmù tún yá orúkọ èso mìíràn tí mēlon Áténì wà nínú rẹ̀, ó di melo, ibẹ̀ ni apá ìparí wọ́tàmẹ́lọ̀n ti wá. Ā fún èyí tó kọ́kọ́ dé, ē fún èyí tó dé lẹ́yìn.

Fáwẹ́ẹ̀lì kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni a ti rí ẹnu àwọn ará Róòmù lẹ́nu iṣẹ́. A ni Gíríìkì ní níbẹ̀: mā-kha-nā. I ni Látìnì ní. Kì í ṣe àṣìgbọ́ ló yí i padà. Láyé àtijọ́, kí èdè Látìnì tó ní ìwé kankan, sílébù àkọ́kọ́ inú ọ̀rọ̀ ni àwọn ará Róòmù máa ń fi gbogbo agbára ohùn tẹ̀. Bí agbára bá ti lọ sí iwájú báyẹn, fáwẹ́ẹ̀lì kúkúrú tó wà láàárín kì í rí agbára gbà mọ́. Bí kò bá sí kọ́ńsónáǹtì tó ti sílébù rẹ̀ pa lẹ́yìn, a á fúyẹ́ di i. Ẹ wo amīcus, ọ̀rẹ́. Ẹ wá fi in- síwájú rẹ̀ kí ó di ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́: kò jẹ́ inamīcus, inimīcus ni, ọ̀tá. Faciō ni "mo ṣe"; conficiō ni "mo ṣe é parí". A tó wà ní iwájú nínú faciō kò mì, àmọ́ bí con- bá ti gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ bíbí ilé gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí àlejò. Mākhanā wọlé, ohùn tẹ mā, kha fúyẹ́ di chi. Ā àkọ́kọ́ dúró nítorí pé ó wà ní iwájú, ó sì tún gùn. Àlejò mìíràn wà tí wọ́n ṣe bákan náà. Patanē, àwo pẹrẹsẹ tí àwọn Gíríìkì fi ń se oúnjẹ, di patina. Trutanē, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan, di trutina. Katanē, ìlú ẹsẹ̀ òkè Etna ní Sísílì, di Catina lẹ́nu wọn. Bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, -ana, -ina, -ana, -ina, a ó rí i pé ìlànà kan náà ló kọjá lára gbogbo wọn, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ìlànà yìí ní ìgbà tirẹ̀. Nínú Mùsíọ́ọ̀mù Pigorini ní Róòmù, ìkọ́ wúrà kan wà tí wọ́n fi ń de aṣọ mọ́ èjìká, láti ọgọ́rùn-ún ọdún keje ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi jiyàn bóyá ojúlówó ni, kí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí wúrà náà tó gbè é lẹ́yìn ní ọdún 2011. Wọ́n fín in sára rẹ̀ pé Manios ló ṣe é fún Numasioi, ìyẹn "fún Numasios". Látìnì tó dé lẹ́yìn kò mọ Numasios mọ́. Numerius ló ń pe orúkọ yẹn. A àárín orúkọ náà ṣì dúró ṣinṣin lára wúrà. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé dé, ó ti rọ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì ni ìlànà náà ṣiṣẹ́, lẹ́yìn èyí ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀rí pé ó dáwọ́ dúró ni organum, ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn tó túmọ̀ sí irinṣẹ́, organon nílé tirẹ̀. A wà láàárín rẹ̀, kò sì yí padà: wọn kò pè é ní orginum. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Māchina ti wà nílé.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí, kí a má da iṣẹ́ méjì pọ̀. Látìnì àtijọ́ tún ní àṣà mìíràn, èyí tí ọmọ Yorùbá yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá sún mọ́ ara wọn lọ́nà tí kò bá ẹnu wọn mu, wọn a ti fáwẹ́ẹ̀lì bọ àárín wọn. Mnā, owó àwọn Gíríìkì, di mina. Drakhmē di drachuma. Tekhnē, ọgbọ́n iṣẹ́, di techina lẹ́nu àwọn ẹrú inú eré Plautus, òǹkọ̀wé eré ará Róòmù, Alkmēnē ìyá Heracles sì di Alcumena. Bí àwa náà ṣe sọ ọ́ di búrẹ́dì, kíláàsì àti súkúrù nìyẹn, torí pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn ní Yorùbá láìsí fáwẹ́ẹ̀lì. Lójú ẹni tó ń kánjú, i inú techina àti i inú machina jọ ara wọn. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ti techina, wọ́n fi kún un níbi tí òfo wà. Ti machina, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a, ohùn ló sọ ọ́ di fẹ́lẹ́.

Kọ́ńsónáǹtì àárín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú Gíríìkì, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ kh, ìró k tí èémí tẹ̀lé jáde. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀; k lásán ni wọ́n gbọ́, c ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára idẹ. Ní ọdún 186 ṣáájú ìbí Kristi, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù ṣòfin láti fi ọwọ́ líle mú àwọn olùsìn òrìṣà Bacchus, wọ́n sì fín òfin náà sára pátákó idẹ kan tí wọ́n rí ní Tiriolo, ní gúúsù Ítálì, ní ọdún 1640. Bacanal ni wọ́n kọ síbẹ̀, c kan, kò sí h. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀gágun Róòmù kan, Lucius Mummius, pa ìlú Kọ́ríńtì run, wọ́n sì fín ìṣẹ́gun rẹ̀ sára òkúta. Lára òkúta yẹn, Achaia ti ní h, ṣùgbọ́n orúkọ Kọ́ríńtì kò tíì ní tirẹ̀: Corinto ni wọ́n fín, t lásán. Òkúta kan náà, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì. Mo mọrírì òkúta yẹn gidigidi, torí pé ó mú àkọtọ́ níbi tó ti ń yí padà lọ́wọ́.

Nígbà tí Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti òǹkọ̀wé ará Róòmù, fi dàgbà, h ti gbòde. Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Orator, ó ní òun mọ̀ pé àwọn baba ńlá kì í fi èémí sí irú ibẹ̀, pé òun pàápàá ti máa ń sọ ọ́ bíi tiwọn, kí òun tó gbà fún àwọn ará ìlú. Ó fi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó fi ìmọ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí macina ṣe di machina lójú ìwé nìyẹn, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti gbé ní Róòmù fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ó wá ku ìrù. Ní Yorùbá, ibi tí a gbé ọ̀rọ̀ sí nínú gbólóhùn ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí. Látìnì gbé iṣẹ́ yẹn lé ìparí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ àyálò tí kò bá ní ìparí tó ṣeé yí kò lè ṣe ohunkóhun nínú gbólóhùn. Mākhanā rọrùn fún wọn. Abo ni ní Gíríìkì, ó sì ń parí sí ā. Látìnì náà ní ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ abo tó ń parí sí a, bíi terra, ilẹ̀, àti aqua, omi. Wọ́n gé ā ìparí kúrú, wọ́n sì gbé e wọ inú ẹgbẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí terra ń ṣe ni machina ń ṣe. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ olùwà, machina ni. Bí a bá gbé e, tàbí tí a kọ́ ọ, machinam ni. Bí a bá ń sọ ohun tó jẹ́ ti ẹ̀rọ, machinae ni. Bí a bá fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan, machinā ni, pẹ̀lú a gígùn. Bí wọ́n bá pọ̀, machinae tún ni, àwọn ẹ̀rọ. Machinārum, ti àwọn ẹ̀rọ. Machinīs, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ. Machinās, nígbà tí a bá gbé wọn.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni wọ́n ṣe báyìí fún. Epitomē, àkópọ̀ ìwé, dé nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Róòmù ti gbọ́ Gíríìkì dáadáa, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa wọ aṣọ ilé rẹ̀: epitomē, epitomēs, epitomēn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i nínú ìwé Látìnì yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àjèjì ni. Kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára machina. Mo gbàgbọ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí Róòmù ló lò ó títí tó fi kú láìfura pé ọ̀rọ̀ ilé baba òun kọ́.

A gígùn inú machinā yẹn ló wà nínú gbólóhùn tí ayé mọ̀ jù nípa ọ̀rọ̀ yìí, deus ex machina, òrìṣà láti orí ẹ̀rọ. Ex a máa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e wà ní ipò tí a gígùn ń fi hàn. Nínú gbàgede eré ní Áténì, mēkhanē ni igi gígùn tó ń gbé òṣèré sókè láti ẹ̀yìn ilé ìtàgé, kí òrìṣà lè hàn lójú ọ̀run, kí ó sì tú wàhálà eré palẹ̀. Aristotle kò fẹ́ràn kí ìtàn máa parí lọ́nà bẹ́ẹ̀; ó fi Medea, eré Euripides, ṣe àpẹẹrẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, yóò bí ọmọ. Àwọn ará Róòmù mú machina, wọ́n yọ ọ̀rọ̀-ìṣe jáde lára rẹ̀: māchinor, mo ń pète. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó jọ ti ẹni tí a ṣe nǹkan sí ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe nǹkan, ni wọ́n fi í ṣe. Lára rẹ̀ ni māchinātor ti wá, ẹni tó pète tàbí tó kọ́ ẹ̀rọ, māchinātiō, ìpète, māchināmentum, ohun èlò. Ohùn náà ń rìn lórí wọn bí sílébù ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀, ohùn kò sí ní iwájú dandan mọ́: sílébù tó ṣáájú ìkẹyìn ló ń gbà á bó bá gùn, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló ń gbà á bí kò bá gùn. Chi kúrú, nítorí náà mā ló gba ohùn nínú māchina. Nā gùn nínú māchinātor, ohùn sì kúrò lórí mā lọ bá a. Plautus, tó kú ní nǹkan bí ọdún 184 ṣáájú ìbí Kristi, ti mọ bí a ṣe ń fi wọ́n ṣeré: nínú Bacchides, ẹrú ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Chrysalus lo ọ̀rọ̀-ìṣe náà àti ọ̀rọ̀-orúkọ náà pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bó ṣe ń ronú owó tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kò sí igi, kò sí okùn níbẹ̀. Ète lásán ni, bíi ti Odysseus.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí machina lẹ́nu iṣẹ́ gidi, ọ̀dọ̀ Vitruvius ni kí ó lọ. Ayàwòrán ilé ni, ó kọ ìwé mẹ́wàá lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ nígbà ayé Augustus, ìwé kẹwàá sì jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ sọ ohun tí machina jẹ́: igi tí a so pọ̀ mọ́ ara wọn, tó ní agbára ńlá láti sún ẹrù. Lẹ́yìn náà ló yà á kúrò lára organum. Ó ní machina ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ tàbí ipá ńlá, organum sì ni èyí tí ọlọ́gbọ́n-ọwọ́ kan ṣoṣo lè darí. Àlejò àtijọ́ àti àlejò tuntun, i àti a, dúró pọ̀ nínú ojú ìwé kan, oníkálukú sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó wá kọ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù kan sílẹ̀ lójú wa. Igi ńlá méjì ni wọ́n á kọ́kọ́ wá, tí ìnípọn wọn bá ìwúwo ẹrù mu. Tignum ni Látìnì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á de orí wọn pọ̀, wọ́n á ya ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀, wọ́n á sì fi okùn fà wọ́n mú láti orí yíká kí wọ́n má baà wó. Ní orí yẹn ni wọ́n á so trochlea kọ́, ilé tí kẹ̀kẹ́ okùn méjì ń yí nínú rẹ̀. Trochlea kejì, tó ní kẹ̀kẹ́ kan, yóò wà nísàlẹ̀. Okùn gba orí kẹ̀kẹ́ òkè kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ wá gba abẹ́ kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, ó tún gòkè lọ sórí kẹ̀kẹ́ kejì, ó padà sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì so orí rẹ̀ mọ́ trochlea ìsàlẹ̀. Ẹ bá mi ka okùn tó di ẹrù mú: mẹ́ta ni. Ìdá mẹ́ta ìwúwo nìkan ló kù fún ẹni tó ń fà á, bí a bá yọ agbára tó ń sọnù níbi tí okùn ti ń ha kẹ̀kẹ́ kúrò. Orí okùn kejì lọ sí ìdí àwọn igi náà, níbi tí igi róbótó kan dábùú sí. Wọ́n lu ihò sára rẹ̀ fún ọ̀pá tí a fi ń yí i. Mọ́ trochlea ìsàlẹ̀ ni ẹ̀mú irin wà, eyín rẹ̀ wọ inú ihò tí wọ́n ti lu sára òkúta. Ọwọ́ yí igi, okùn wé mọ́ ọn, òkúta kúrò nílẹ̀. Nítorí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, trispastos ni orúkọ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá di márùn-ún, pentaspastos ni.

Ẹ wo orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Trochlea, Gíríìkì ni. Trispastos, Gíríìkì. Igi róbótó tí a ń yí ń jẹ́ sucula, Látìnì pọ́ńbélé, abo ẹlẹ́dẹ̀ kékeré. Ihò tí orí rẹ̀ ti ń yí ń jẹ́ chelonium, láti ara orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ìjàpá. Tignum, igi, Látìnì. Fūnis, okùn, Látìnì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé òkúta kò bìkítà nípa èdè ta ni èdè ta ni. Wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ Róòmù yí nínú ìjàpá Gíríìkì, òkúta sì gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí i, wọ́n gbẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sára òkúta ibojì ìdílé Haterii, tó wà ní Vatican báyìí: àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá ló wà ní ìdí rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń gùn ún láti inú, okùn pọ̀ lókè wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìdílé ọ̀rọ̀ tí machina ti wá tún gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọ Róòmù. Àwọn Gíríìkì ní mēkhanikos, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Nígbà tí Róòmù yá èyí, Gíríìkì ti Áténì ló ti gbilẹ̀ ká gbogbo ayé wọn. Mēchanicus ni wọ́n sọ ọ́: ē wà níwájú, a wà láàárín, ohùn kò sì rí a náà rọ̀, torí pé ìlànà àtijọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Suetonius, tó kọ ìtàn ayé àwọn ọba Róòmù, ròyìn pé mechanicus kan tọ ọba Vespasian lọ, ó ní òun yóò gbé àwọn òpó òkúta ńláńlá gun òkè Capitol lówó pọ́ọ́kú. Ọba fún un ní ẹ̀bùn tó jọjú nítorí ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ náà, ó ní kí ó jẹ́ kí òun máa bọ́ àwọn mẹ̀kúnnù òun. Machina àti mechanicus wá ń gbé nínú èdè kan náà, ā fún ọ̀kan, ē fún èkejì. Irú rẹ̀ wà nílé wa. Mósè gba ọwọ́ àwọn oníwàásù Kristẹni dé, Mùsá ti gba ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí dé ṣáájú rẹ̀, wòlíì kan ṣoṣo sì ni.

Nígbà tí Látìnì tú di àwọn èdè tó tẹ̀lé e, machina tún pín. Àwọn àgbẹ̀ Ítálì ti ń pe ọlọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ ọkà bẹ́ẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu, c rẹ̀ sì rọ̀ níwájú i bíi ti gbogbo ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn, ó di macina. Àwọn ọ̀mọ̀wé tún yọ ọ́ jáde látinú ìwé, àwọn pè é ní macchina pẹ̀lú k líle, èyí tí ará Ítálì ń pe mọ́tò lónìí. Àwọn ará Faransé náà yá a látinú ìwé, ṣ ni wọ́n sì ń pe ch rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwa ti gbà á.

Nítorí náà, nígbà tí mẹkáníìkì bá ń tún máṣíìnì ṣe lẹ́bàá títì, á tó wà níwájú máṣíìnì ti ẹnu àwọn Dórìkì wá, ẹ tó wà níwájú mẹkáníìkì sì jẹ́ ti Áténì. Ṣ jẹ́ ti Faransé. Ì ìkẹyìn méjèèjì, tiwa ni, torí pé Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀.

Cicero kàwé ní Áténì. Ó mọ mēkhanē dáadáa, síbẹ̀ machina ló kọ, kò dá i padà sí a, kò sì sọ ā di ē. Ìdí tí ā àti i fi wà fún wa láti kà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ẹ bá wa kọ máṣíìnì, búrẹ́dì, mẹkáníìkì àti Mùsá bí ẹnu àwọn àgbà ṣe ń pè wọ́n gan-an, pẹ̀lú ohùn orí wọn pé pérépéré, kí ẹ má sì tún wọn ṣe bá ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Lárúbáwá mu.